Kálàmù Olówó Pọ́ọ́kú Ni Kí Ọ̀gbẹ̀rì Fi Kọ́ Àtúnṣe

Ọ̀pọ̀ ilé ni kálàmù onítàdáà wà tí kò kọ̀wé mọ́. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ó wà nínú àpótí akọ̀wé tó ti re ibi àgbà ń rè, ó sì wà lórí àtẹ àwọn tó ń ta ọjà àlòkù káàkiri ayé. Àpò rọ́bà inú rẹ̀ ti gan, tàdáà ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹni tó bá gbé e a yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, a sì dá a padà síbi tó ti mú un. Èrò tèmi ni pé irú kálàmù bẹ́ẹ̀, pàápàá èyí tí kò wọ́n rárá, ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ kọ́ àtúnṣe fi bẹ̀rẹ̀. N kò sọ pé kó sọ ọ́ di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Iṣẹ́ ìgbafẹ́ ni mò ń wí, èyí tí ènìyàn lè fi ìrọ̀lẹ́ Sátidé ṣe lórí tábìlì kékeré kan. Ìdí tí mo fi dúró lórí olówó pọ́ọ́kú ni pé àwọn tó ṣe é mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé apá kan nínú rẹ̀ yóò bàjẹ́, wọ́n sì ṣe é lọ́nà tí a ó fi lè tú u, ká pààrọ̀ apá náà, ká tún un dì. Ohun tí wọ́n bá ṣe báyìí máa ń la ọ̀nà fún ẹni tó fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún jíjù nù kì í kọ́ wa ní ohunkóhun ju pé ká lọ ra òmíràn.

Ká tó lè rí ìdí tí àtúnṣe rẹ̀ fi rọrùn, ó yẹ ká mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kálàmù onítàdáà kò ní bọ́ọ̀lù róbótó lẹ́nu bíi ti bíró. Tàdáà wà nínú rẹ̀, ó ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan lábẹ́ irin ẹnu rẹ̀ jáde, bí ó sì ti ń jáde ni afẹ́fẹ́ ń wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ kò bá ráyè wọlé, tàdáà kò ní wá. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, tàdáà á dà sórí ìwé. Ìṣòro yìí dààmú àwọn tó ń ṣe kálàmù fún ìgbà pípẹ́ kí Lewis Waterman tó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ìhùmọ̀ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1884. Ó wá ku bí a ó ṣe máa rọ tàdáà sínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ dọ̀tí, torí pé ńṣe ni wọ́n ń kán an sínú rẹ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán nígbà náà. Ní 1908, Walter Sheaffer, tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ní ìlú Fort Madison ní ìpínlẹ̀ Iowa, gba ìwé àṣẹ lórí irin kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kálàmù. Bí a bá fi èékánná gbé irin yìí sókè, irin pẹlẹbẹ kan nínú kálàmù á tẹ àpò rọ́bà pa, afẹ́fẹ́ inú àpò á sì jáde. Bí a bá dá irin náà padà nígbà tí ẹnu kálàmù ṣì wà nínú ìgò tàdáà, àpò á wú padà, á sì fa tàdáà mu. Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Kò sí bátìrì, kò sí wáyà, kò sí ohun tó fara pamọ́ fún ojú. Àpò rọ́bà yẹn ló dájú pé yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, nítorí pé bí rọ́bà bá ti pẹ́ nínú afẹ́fẹ́, gígan ló ń gan. Àwọn tó ṣe kálàmù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe àpò náà kó ṣeé pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan pàtó yẹ̀ wò. Ilé iṣẹ́ Esterbrook bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Camden ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní 1858, ẹnu kálàmù onírin tí wọ́n ń tì bọ inú tàdáà ló kọ́kọ́ sọ wọ́n di olókìkí. Nígbà tí wọ́n bọ́ sórí kálàmù tó ń gbé tàdáà tirẹ̀ rìn, wọn kò fi góòlù ṣe ẹnu rẹ̀ bí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti ń ṣe. Irin ni wọ́n lò, kí tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́ àti akọ̀wé lè rí i rà. Láàárín àwọn ọdún 1940 sí 1949 ni wọ́n gbé èyí tí wọ́n pè ní J jáde, òun sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń nà sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ẹnu J kò lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá. Ó ṣeé fi ọwọ́ lásán yí jáde, kí a sì yí òmíràn sí àyè rẹ̀. Gbogbo ẹnu ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà 2668 ń kọ ìlà tó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, 2556 ń kọ ìlà tóóró. Bí nọ́ńbà náà bá fi 9 bẹ̀rẹ̀, irú 9668 tàbí 9556, ìlà kan náà ló ń kọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti jó irin tó le gan-an mọ́ góńgó rẹ̀ kó má bàa tètè jẹ. Nítorí náà, bí kálàmù bá jábọ́ tí ẹnu rẹ̀ sì tẹ̀, ẹnu nìkan ni ẹni tó ni ín yóò rà, kò ní ju gbogbo rẹ̀ nù. Kí ẹnikẹ́ni má sì fojú tín-ín-rín irin olówó pọ́ọ́kú yìí. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje 1964, nígbà tí Ààrẹ Lyndon Johnson ń fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ aráàlú tó fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀ dúdú lábẹ́ òfin ní àwọn ilé ìtajà àti ibi gbogboògbò ní Amẹ́ríkà, kálàmù Esterbrook rẹpẹtẹ ni wọ́n tò síwájú rẹ̀. Ó fi wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń pín wọn fún àwọn tó wà níbẹ̀. Martin Luther King gba ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ Venus tó ń ṣe pẹ́ńsù ní 1967, ṣùgbọ́n àwọn J tó wà nílẹ̀ ṣì ń gba àpò tuntun dòní.

Bí J tó ti bàjẹ́ bá dé ọwọ́ ọ̀gbẹ̀rì, kó kọ́kọ́ yí ẹnu rẹ̀ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá le, kó má ṣe fi píláàsì fà á. Kó ki apá ẹnu bọ omi tútù di ọjọ́ kejì, tàdáà tó ti gbẹ yóò rọ̀. Omi kò gbọ́dọ̀ kan ara kálàmù níbi tí irin pẹlẹbẹ wà, torí irin náà yóò dípẹtà. Lẹ́yìn náà ni yóò kan ọrùn, ìyẹn ibi tí ìka ń dì mú nígbà tí a bá ń kọ̀wé. Ńṣe ni wọ́n tì í bọ inú ara kálàmù típẹ́típẹ́, nígbà mìíràn wọ́n á tún fi oje lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun ni a ó fi mú un gbóná, ká máa yí i po, ká sì máa fi ọwọ́ kàn án lóòrèkóòrè. Bí ọwọ́ kò bá lè gbà á mọ́, ó ti gbóná jù. Iná fìtílà tàbí ìṣáná kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn rárá, nítorí sẹ́lúlọ́ìdì ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ kálàmù ayé ìgbà náà, kíá ló sì ń gbaná. Nígbà tó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, a ó máa lọ́ ọ díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, títí ọrùn yóò fi kúrò lára rẹ̀. Àfọ́kù rọ́bà dúdú ni yóò dà jáde sórí ìwé, àpò tó ti di èérún. A ó gbọn gbogbo rẹ̀ dànù, a ó ha ìdí ọrùn mọ́ tónítóní, a ó sì wọ àpò tuntun sí i. Nọ́ńbà àpò kò ṣòro láti lóye: wọ́n pín ínṣì kan sí ọ̀nà 64, iye ìpín tí fífẹ̀ àpò bá gbà ni nọ́ńbà rẹ̀. Nọ́ńbà 16 ni J ń lò, ìyẹn ìdá mẹ́rin ínṣì. A ó gé e kí ìdí rẹ̀ má bàa kan òpin ara kálàmù, a ó fi oje lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn, a ó jẹ́ kó gbẹ, a ó sì fi páúdà tí kò ní òórùn dídùn pa á lára kó má bàa lẹ̀ mọ́ irin. Omi lásán ni a ó fi dán an wò. Bí a bá gbé irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè nínú ife omi tí afẹ́fẹ́ ń hó jáde, tó sì fa omi mu nígbà tí a dá a padà, iṣẹ́ ti yọrí.

Oje tí mo mẹ́nu bà yẹn ni ọkàn ọ̀rọ̀ yìí. Ṣẹ́láàkì ni, irú èyí tí àwọn káfíńtà fi ń dán àga. Lára àwọn kòkòrò kan tó ń gbé orí igi ní Íńdíà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká ni wọ́n ti ń rí i. Sípíríìtì ló ń yọ́ ọ, ìgbóná díẹ̀ sì ń mú kó rọ̀. Ẹni tó ń kánjú lè sọ pé kí ló dé tí a kò fi lo gúlù òde òní tó ń lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tí kò sì ní tú mọ́ láé. Àìtú rẹ̀ yẹn gan-an ni àléébù rẹ̀. Àpò tuntun tí a fi sí i lónìí yóò gan lọ́jọ́ iwájú bí ti àkọ́kọ́ ti gan, ẹlòmíràn yóò sì nílò láti ṣí kálàmù náà. Bí a bá ti fi ṣẹ́láàkì dì í, ooru díẹ̀ ni yóò fi ṣí i. Bí a bá ti fi gúlù líle dì í, kò sí ohun tó lè ṣe ju kó fọ́ ọ lọ. Ẹni tó ṣe kálàmù náà ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn ti ro ti ẹni tí yóò tún un ṣe, ojúṣe ẹni tó ń tún un ṣe lónìí náà sì ni kó ro ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nílẹ̀ wa, èrò yìí kò ṣàjèjì. Àwọn àgbà ní igbá tó fọ́ ní í gba kasẹ létí, ìkòkò tó fọ́ ní í gba okùn lọ́rùn. Wọ́n ń rán igbá, wọ́n ń lò ó lọ, ojú ibi tí wọ́n ti rán an sì hàn gbangba lára rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń tijú rẹ̀. Ìwà yẹn ti ń dínkù láàárín wa, ó sì yẹ ká wá ohun tó lè dá a padà sí ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́.

Ẹnì kan lè béèrè pé bí àtúnṣe bá dára tó bẹ́ẹ̀, èéṣe tí a kò fi ní bẹ̀rẹ̀ lórí kálàmù tó gbayì, irú èyí tí ọlọ́lá ń fi sápò? Ìbẹ̀rù ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tó mú ohun olówó ńlá lọ́wọ́ kì í lè tú u pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Yálà kó má tú u rárá, tàbí kó tú u pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í sì í kọ́ iṣẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ kálàmù olówó ńlá ló díjú nínú. Parker Vacumatic tó jáde ní 1933 ń fẹ́ irinṣẹ́ àrà ọ̀tọ̀ kí a tó lè ṣí ìdí rẹ̀. Sheaffer Snorkel tó jáde ní 1952 ní ọ̀pá tín-ínrín kan tó ń yọ jáde lábẹ́ ẹnu rẹ̀ láti fa tàdáà mu. Ìhùmọ̀ tó jọni lójú ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yà kéékèèké inú rẹ̀ pọ̀, ọ̀gbẹ̀rì tó bá tú u lè má mọ bí yóò ṣe tò ó padà. Àtẹ̀gùn tó dára ni kéèyàn kọ́kọ́ mú Parker 45, tó jáde ní 1960. Kò ní àpò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ike tàdáà tó ṣeé yọ ló ń lò, ẹnu rẹ̀ sì ń yí jáde. Omi àti sùúrù nìkan ló sábà máa ń fẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Esterbrook J tàbí kálàmù onírin ẹ̀gbẹ́ mìíràn tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Parker 51 ní tirẹ̀ jáde ní 1941 ní iye owó dọ́là 12.50, owó gidi ni nígbà náà. Láti 1948 ni wọ́n ti ń fi ike tí kì í gan bíi rọ́bà ṣe àpò rẹ̀, púpọ̀ nínú irú rẹ̀ sì ṣì ń fa tàdáà mu láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tú u. Ẹni tó bá ní i, kó fọ̀ ọ́ dáadáa, kó sì fi títú rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú.

Àtakò tó ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn ni ti bíró. Wọ́n ní bíró kan kò ju owó táṣẹ́rẹ́ lọ, kì í da tàdáà sí àpò ẹ̀wù, ó sì ń kọ̀wé níbikíbi. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. László Bíró, ará Hungary tó lọ tẹ̀dó sí Argentina, ṣe iṣẹ́ ribiribi nígbà tó mú kálàmù oníbọ́ọ̀lù wá sáyé, àti pé ìdí tó yè kooro ni aráyé fi kúrò lórí kálàmù onítàdáà. Kálàmù àtijọ́ a máa jò nígbà mìíràn, ó sì ń fẹ́ fífọ̀ lóòrèkóòrè. N kò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ ṣe ìdánwò WAEC fi bíró sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ dá lórí ohun tí nǹkan ń kọ́ni, bíró kì í sì í kọ́ni ní àtúnṣe. Bic Cristal jáde ní Faransé ní 1950, nígbà tó fi máa di 2006 ilé iṣẹ́ náà ti ta bílíọ̀nù 100. A ń kọ ọ́ títí tàdáà rẹ̀ yóò fi tán, a sì ń jù ú. Kò sí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ pé kí ló bàjẹ́ nínú rẹ̀, torí kò sí àǹfààní kankan nínú mímọ̀ ọ́n. Ẹni tó dàgbà sáàárín ohun tó rí báyìí nìkan yóò máa rò pé òpin gbogbo ohun tó bá dákẹ́ ni ààtàn. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jí kálàmù kan dìde yóò kọ́kọ́ béèrè ohun tó mú un dákẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ju iye owó bíró lọ.

Àtakò kejì lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan á ní bí ọ̀dọ́ bá fẹ́ kọ́ àtúnṣe, kó gba Computer Village ní Ìkẹjà lọ kọ́ àtúnṣe fóònù, èyí tí yóò bọ́ ọ, kó má fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́. Mo fara mọ́ ọn pé iṣẹ́ fóònù ń bọ́ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì yẹ fún ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi gúlù lẹ fóònù òde òní pa, iná tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kò ṣeé fojú rí, àwọn fóònù kan sì wà tí kì í gba ẹ̀yà tuntun tọkàntọkàn bí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n kò bá fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń kọ́ ọ sábà máa ń pààrọ̀ nǹkan láìmọ ìdí tí ti tẹ́lẹ̀ fi kú. Nínú kálàmù, okùnfà àti àbájáde wà lójú kan náà. Tàdáà kò wá. A wò ó, a rí i pé ẹnu rẹ̀ ti dí. A fọ̀ ọ́, ó wá. Ó ń ha ìwé. A fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, a rí i pé ìdajì ẹnu kan ga ju èkejì lọ. A rọra tẹ̀ ẹ́ dọ́gba, ó dáwọ́ híha dúró. Kò sí ẹ̀kọ́ nípa àyẹ̀wò tó yé ọmọdé ju èyí lọ, ẹ̀kọ́ náà sì ń bá a lọ sórí aago, sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, sórí fóònù pẹ̀lú. Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ẹni tí sùúrù yìí bá ti mọ́ lára, inú iṣẹ́ yòówù tó bá wọ̀ lẹ́yìn náà ni yóò ti wúlò fún un.

Wọ́n tún ń sọ pé ohun òyìnbó ni, àfẹ́rí ayé amúnisìn ni ẹni tó bá ń dì í mú ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Kí àwọn míṣọ́nnárì tó dá ilé ìwé sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn ọmọ kéwú ti ń fi gègé tí wọ́n gbẹ́ àti tàdáà tí wọ́n sè kọ̀wé sórí wàláà, tí wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ kọ òmíràn. Kíkọ̀wé pẹ̀lú ohun tí a ń tọ́jú, tí a ń gbẹ́ lẹ́nu, tí a ń tì bọ tàdáà, jẹ́ tiwa tipẹ́tipẹ́. Rọ́bà pàápàá kò ṣàjèjì sí wa. Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, igi ìrẹ́ inú igbó wa ni wọ́n ń fà lómi ṣe rọ́bà tí wọ́n ń kó gba Èkó lọ sí òkè òkun, wọ́n sì fà á ní àfàjù débi pé igi púpọ̀ kú láàárín ọdún díẹ̀. Ohun tí àfàjù ń ṣe sí ilẹ̀ ti ṣojú àwọn baba wa. Ẹni tó ń tún ohun tó wà nílẹ̀ ṣe ń yẹra fún irú àṣìlò bẹ́ẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe ohun náà.

Àtakò tó wúwo jù lọ lójú tèmi wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn ohun àtijọ́ gan-an. Wọ́n ní ọ̀gbẹ̀rì yóò ba ohun ìtàn jẹ́. Ìbẹ̀rù wọn kò ṣàìnídìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ kálàmù ti ṣègbé sọ́wọ́ ẹni tó rò pé àtúnṣe ni sísọ ọ́ di tuntun. Wọ́n á dán an títí orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n fín sí i lára yóò fi pa rẹ́. Wọ́n á lọ ẹnu rẹ̀ lórí òkúta títí irin líle góńgó rẹ̀ yóò fi tán. Wọ́n á rọ tàdáà àwọn ayàwòrán sínú rẹ̀, yóò gbẹ síbẹ̀, yóò sì di gbogbo ọ̀nà pa. Ìdí nìyí tí mo fi ní kó bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tó pọ̀ nílẹ̀ tí kò sì wọ́n, nítorí pé bí ọ̀kan nínú Esterbrook bá bàjẹ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ìtàn kò pàdánù púpọ̀, ẹnu rẹ̀ àti ìdérí rẹ̀ yóò sì tún òmíràn ṣe. Ṣùgbọ́n òmìnira yẹn ní òfin tirẹ̀. Kí ọ̀gbẹ̀rì má ṣe ohunkóhun tí ẹlòmíràn kò ní lè tú. Kó lo tàdáà tí wọ́n ṣe fún kálàmù onítàdáà nìkan. Bó bá ti ń kọ̀wé dáadáa, kó dáwọ́ dúró. Ojú ibi tó ti ha lára rẹ̀, ojú eyín ọmọ ilé ìwé tó wà ní ìdérí rẹ̀, kó jẹ́ kí gbogbo wọn wà níbẹ̀. Kálàmù tó ń kọ̀wé tó sì rí bí àgbà ti sàn ju èyí tó ń dán tí kò ní ìtàn kankan lára mọ́.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ má lọ ra ohun olówó ńlá. Kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé rẹ̀ bóyá kálàmù kan wà tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, kó sì gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kó tó fọwọ́ kàn án. Bí kò bá sí, kó ra èyí tó ti bàjẹ́ tí kò wọ́n, kó ra àpò rọ́bà kan tàbí méjì, ṣẹ́láàkì díẹ̀ àti awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá. Kó mú ọ̀kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kó má tú òmíràn títí ti àkọ́kọ́ yóò fi kọ̀wé. Àwọn tíṣà tó ń dá ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìwé náà lè gbìyànjú rẹ̀, nítorí kò gba yàrá ńlá, kò gba iná mànàmáná púpọ̀, ọmọ ọdún méjìlá sì lè ṣe é lójú àgbàlagbà tó ń mójú tó ooru. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń palẹ̀ ilé mọ́, ẹ má ṣe ju kálàmù àtijọ́ mọ́ ìdọ̀tí nítorí pé kò kọ̀wé mọ́. Ẹ fi lé ọmọ lọ́wọ́, ẹ ní kó wádìí ohun tó ṣe é.